Marian Rejewski, ẹni tó tú àròkò Enigma

Ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ, ọdún 1905 ni wọ́n bí Marian Rejewski ní ìlú Bydgoszcz, ní ilẹ̀ Pólándì. Abẹ́ ìjọba Jámánì ni ìlú náà wà nígbà yẹn, ìdí nìyí tí èdè Jámánì fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìmọ̀ ìṣirò ló kà ní yunifásítì Poznań. Ibẹ̀ ni àwọn ológun ti ṣà á mọ́ àwọn tí wọ́n kọ́ ní títú àròkò. Ní ọdún 1932, òun, Jerzy Różycki àti Henryk Zygalski bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Warsaw.

Ẹ̀rọ Enigma, tí àwọn ológun Jámánì fi ń pa ọ̀rọ̀ wọn mọ́, ni wọ́n dojú kọ. Ẹni tó bá fẹ́ rán iṣẹ́ yóò fúnra rẹ̀ yan lẹ́tà mẹ́ta ṣe kọ́kọ́rọ́, yóò sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àtẹ̀túntẹ̀ yìí ni Rejewski gbé ìṣirò lé. Pẹ̀lú àwọn ìwé àṣírí tí Faransé fún wọn, ó mọ bí wáyà inú ẹ̀rọ náà ṣe lọ.

Ó yẹ kí wọ́n máa yan kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni ń ṣẹ́ gègé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kàn ń tẹ AAA tàbí BBB. Nínú gbogbo ìdáhùn tí ìṣirò gbé jáde, èyí tó bá kún fún irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ ni Rejewski ń mú. Nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà mẹ́ta kan náà léèwọ̀, wọ́n tún ń sá fún lílo lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì. Sísá náà tún di àmì tó tú wọn fó.

Ní oṣù keje, ọdún 1939, Pólándì fi ìmọ̀ yìí lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lọ́wọ́. Orí rẹ̀ ni Alan Turing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú.

Ogun lé Rejewski dé Faransé. Ó ṣẹ̀wọ̀n ní Spain kó tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Różycki ti bá omi lọ ní ọdún 1942. Ọdún 1946 ni Rejewski padà sọ́dọ̀ aya àti ọmọ rẹ̀ méjì, àmọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe jẹun ní Bydgoszcz, àwọn agbófinró ń ṣọ́ ọ, kò sì sọ ohun tó ti ṣe fún ará àdúgbò.

Ẹ̀yìn ọdún 1973 ni ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó kú ní Warsaw ní ọjọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 1980. Títí di òní, kí àwọn onímọ̀ tó gbọ́kàn lé ẹ̀rọ tó ń pèsè kọ́kọ́rọ́, wọn a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní àṣà tí ọ̀tá lè rí tọpa.