Abdullah Ọmọ Ummu Maktum: Afọ́jú Tí Ó Di Olùkọ́

Abdullah ọmọ Ummu Maktum wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ gba Ìsìláàmù ní Mọ́kà. Ìbátan Khadijah, ìyàwó Ànábì, ni. Afọ́jú ni, ṣùgbọ́n ìmọ̀ wù ú púpọ̀.

Ní ọjọ́ kan, Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń pe àwọn ọlọ́lá Kùráísì sí ẹ̀sìn. Abdullah dé, ó ní kí Ànábì kọ́ òun. Ànábì kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà já, ó fajú ro. Nígbà náà ni Ọlọ́hun sọ Súrà Abasa (80) kalẹ̀, láti fi hàn pé afọ́jú tí ń wá ìmọ̀ ni ó yẹ kí á dá lóhùn ṣáájú olówó tí kò náání rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Ànábì ti ń pọ́n ọn lé.

Ẹ wo ibi tí ìmọ̀ gbé e dé. Kí Ànábì tó ṣe Híjírà ní 622, òun àti Mus'ab ọmọ Umayr ti ṣáájú dé Mọ̀dínà, wọ́n ń kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní Al-Kùránì. Ó di ládàánì pẹ̀lú Bìláálì; ní Ràmàdáánì, ìpè tirẹ̀ ni wọ́n fi ń dẹ́kun sààrì. Bí Ànábì bá lọ sógun, a máa fi í sílẹ̀ láti ṣe lémọ́mù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọmọ afọ́jú mélòó ni ó wà ní ilé-kéwú wa? Ẹnu ọ̀nà mọ́sáláásí ni a ti ń rí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, pẹ̀lú igbá bárà lọ́wọ́. Sàráà dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fà wọ́n wọlé, kí á kọ́ wọn. Kí Ọlọ́hun ràn wá lọ́wọ́. Àmín.