Jake Gaither: akọ́nimọ̀ọ́gbá tí àwọn òyìnbó wá bá jókòó, tí wọn ò lè gbà síṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi òru wo Super Bowl lórí fóònù, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ orúkọ Bob Hayes rí. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba góòlù ní Olympics, tó tún wá gba òrùka Super Bowl. Ṣùgbọ́n bàbá tó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù ní fásitì, àwọn tó mọ̀ ọ́n láàárín wa ò pọ̀. Alonzo Smith Gaither lorúkọ rẹ̀. Jake ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Ká tó máa lọ, ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Football àwọn ará Amẹ́ríkà kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa. Tiwọn rí bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e. Ẹni tí wọ́n ń pè ní running back ló máa ń gba bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, táá wá sá wọ àárín àwọn géńdé tó fẹ́ gbé e ṣánlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá lànà fún un, kò lè rìn jìnnà. Iṣẹ́ tí Gaither fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn: bí running back ṣe máa rọ́nà gbà.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1903 ni wọ́n bí i ní ìlú Dayton, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀. Lọ́yà ló wù ú kó dà. Ìgbà tó wà ní Knoxville College ni bàbá rẹ̀ kú, ni ọ̀rọ̀ lọ́yà bá dàwátì. Bó ṣe jáde ní 1927, iṣẹ́ olùkọ́ àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ló mú, nítorí èyí ló lè tètè mówó wọlé.

Nígbà yẹn, òfin ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà ti ya dúdú sọ́tọ̀, ó ya funfun sọ́tọ̀. Ilé ìwé wọn yàtọ̀, bọ́ọ̀sì wọn yàtọ̀, bọ́ọ̀lù wọn náà yàtọ̀. Fásitì òyìnbó tó wà lágbègbè rẹ̀ ò lè gba aláwọ̀ dúdú wọlé. Nígbà tí Gaither fẹ́ gba oyè kejì, Ohio State tó jìnnà sókè ló lọ. Ó gbà á ní 1937. Lẹ́yìn náà ló kọrí sí Tallahassee ní ìpínlẹ̀ Florida, sí ilé ìwé tá a wá mọ̀ sí Florida A&M, ó di igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá lábẹ́ Bill Bell. Ní 1938, ikọ̀ wọn gba ife ẹ̀yẹ àwọn fásitì aláwọ̀ dúdú.

Ní 1942, àìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Kókó hù nínú ọpọlọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, àwọn èèyàn sì ti ń rò pé ó parí. Kò parí o. Ó dìde, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó sì di 1945, wọ́n fi ikọ̀ náà lé e lọ́wọ́.

Ọdún 25 ló fi darí wọn. Ó jáwé olúborí nígbà 203, ó fìdí rẹmi nígbà 36, wọ́n ta ọ̀mì nígbà 4. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló gba ife ẹ̀yẹ àwọn fásitì aláwọ̀ dúdú gbogbo Amẹ́ríkà.

Báwo ló ṣe ṣe é? Àkọ́kọ́, ọgbọ́n. Bí àwọn yòókù ṣe ń to àwọn géńdé iwájú wọn, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń dúró sí. Gaither ní kí tiẹ̀ jìnnà síra wọn. Àwọn alátakò á wá bọ́ sínú wàhálà: bí wọ́n bá tẹ̀ lé wọn tí wọ́n tú ká, àárín á ṣófo, bí wọ́n bá kó jọ sáàárín, ẹ̀gbẹ́ á ṣófo. Èyíkéyìí tí wọ́n bá mú, àyè á wà tí running back máa gbà kọjá. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1963.

Ìkejì, ó pín àwọn ọmọ rẹ̀ sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, ó sọ ọ̀kan ní Ẹ̀jẹ̀, ó sọ ọ̀kan ní Òógùn, ó sọ ẹ̀kẹta ní Omijé. Bó ti rẹ Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, Òógùn á wọlé. Bí alátakò ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn tí ara wọn ṣì le ló máa kò lójú.

Ṣùgbọ́n ibo ló ti rí ọmọ tó pọ̀ tó báyẹn? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ní gbogbo Florida, kò sí fásitì òyìnbó kan tó ń gba ọmọ dúdú sínú ikọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Gaither ni wọ́n ń dà sí. Ìyàsọ́tọ̀ tó sé e mọ́ ọgbà náà ló kó ọrọ̀ jọ fún un. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Lára wọn ni Willie Galimore, ọmọ St. Augustine, running back tí ọwọ́ kì í tètè bà. Ó kúrò lọ́dọ̀ Gaither lọ sí Chicago Bears ní 1957, òun àtàwọn Bears sì gba ife NFL ní 1963. Bob Hayes ní tiẹ̀ wá láti Jacksonville. Lẹ́yìn tó gba góòlù méjì ní Tokyo ní 1964, ó lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Dallas Cowboys. Àwọn ọmọ Gaither tó dé NFL ju 40 lọ.

Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá òyìnbó gbọ́ ìró rẹ̀. Ó dá ìpàdé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Tallahassee, àwọn ìlú-mọ̀ọ́ká bíi Bear Bryant ti Alabama àti Woody Hayes ti Ohio State sì wá bá a jókòó níbẹ̀. Ẹ rò ó wò ná. Bryant lè wá bá bàbá yìí fọ̀rọ̀ wérọ̀, ṣùgbọ́n Alabama ò tíì gba ọmọ dúdú kankan sínú ikọ̀ ẹ̀ nígbà yẹn. Ká má tíì wá sọ pé kí wọ́n fún dúdú níṣẹ́ ọ̀gá.

Nǹkan kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ò gbà lọ́wọ́ Gaither. Ní 1956, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin méjì ní Florida A&M kọ̀ láti dìde lórí ìjókòó nínú bọ́ọ̀sì Tallahassee. Àwọn dúdú ìlú náà pa bọ́ọ̀sì tì. Nígbà tó yá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé wọ́n jókòó níbi tí wọ́n ti ń tajẹ fún òyìnbó nìkan. Gaither ò sí níwájú wọn. Owó ìjọba ìpínlẹ̀ ni fásitì rẹ̀ ń jẹ, ọwọ́ òyìnbó sì ni àpò owó náà wà, ó wá ń fi pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn kan pè é ní ojo. Galimore, ọmọ rẹ̀, ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje 1964, ó wọ hòtẹ́ẹ̀lì tí wọn kì í ti í gba dúdú nílùú rẹ̀, ó gba yàrá. Oṣù yẹn náà ni jàǹbá ọkọ̀ pa á.

Èmi ò ní dá Gaither láre pátápátá. Àmọ́ ó ní ìjà tiẹ̀ tó ń jà. Ó fẹ́ kí ikọ̀ òun kojú ikọ̀ òyìnbó kan lójú gbogbo ayé, kó tó fẹ̀yìn tì. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Florida A&M pàdé University of Tampa níwájú èrò tó ju 40,000 lọ. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan pé ìjà máa bẹ́. Kò sí ìjà kankan. Florida A&M 34, Tampa 28. Sáà yẹn ló fi dágbére fún iṣẹ́.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 1970, Alabama gba Wilbur Jackson, ọmọ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ wo ló wá ṣe? Running back. Àwọn fásitì ńlá tó lówó, tó ní pápá ìṣeré aláràbarà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú àwọn ọmọ tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ Gaither nìkan ni wọ́n lè lọ. Ọmọ lọ, àmọ́ wọn ò mú ọ̀gá dání. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan náà ló kàn: ìjọba ti pa ẹ̀ka ìmọ̀ òfin Florida A&M dé ní 1968, ẹ̀kọ́ tí Gaither fúnra ẹ̀ fẹ́ kọ́ nígbà èwe.

Ní 1974, Florida A&M gba Rudy Hubbard, tó ti ń kọ́ àwọn running back ní Ohio State lábẹ́ Woody Hayes. Ó gba ife Division I-AA ní 1978. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Wichita State fi Willie Jeffries ṣe ọ̀gá, dúdú àkọ́kọ́ tó máa darí ikọ̀ ní ìpele òkè láwọn fásitì tó jẹ́ ti òyìnbó. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí Gaither kúrò nídìí iṣẹ́ nìyẹn.

Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú College Football Hall of Fame ní 1975. Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1994 ló kú, ẹni 90 ọdún. Líìgì SEC, tí Alabama ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kò tíì ní ọ̀gá akọ́nimọ̀ọ́gbá dúdú kan títí tó fi kú. Ìparí ọdún 2003 ni wọ́n tó gba àkọ́kọ́.