Alberto Ascari: Ọmọ akọni tó tọ ipa bàbá rẹ̀ dé ojú ikú

Bí a bá perí akọni, a fi idà lalẹ̀. Láàárín àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje lágbàáyé, bí wọ́n bá perí Alberto Ascari, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, àwọn tó mọ ìtàn rẹ̀ a máa mi orí. Kì í ṣe nítorí pé ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra nìkan. Ohun tó ń ya gbogbo èèyàn lẹ́nu ni pé bí ayé rẹ̀ ṣe rí àti bí ikú ṣe mú un lọ jọ ti bàbá tó bí i lọ́mọ, débi pé ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní ṣàì sọ pé lóòótọ́ ni àwọn àgbà ní àyànmọ́ ò gbóògùn.

Ìlú Milan, ní apá àríwá ilẹ̀ Ítálì, ni wọ́n ti bí Alberto lọ́jọ́ 13, oṣù keje, ọdún 1918. Antonio Ascari ni orúkọ bàbá rẹ̀, Antonio kì í sì í ṣe ẹni kékeré lásìkò tirẹ̀. Ó ní ilé ìtajà kan ní Milan níbi tó ti ń ta ọkọ̀ Alfa Romeo, ó sì tún jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn awakọ̀ tí ilé iṣẹ́ náà gbẹ́kẹ̀ lé níbi ìdíje. Lọ́dún 1924, òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje ńlá ilẹ̀ Ítálì, èyí tí wọ́n ṣe ní Monza. Nígbà tó di ọdún 1925, ó tún borí ní Spa, nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn eré ọkọ̀ ní Ítálì nígbà náà tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń ṣe yìí, iṣẹ́ ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu ni. Ọkọ̀ ìdíje ayé ìgbà yẹn kò ní òrùlé, kò ní bẹ́líìtì tí wọ́n ń so mọ́ àyà, fìlà aṣọ lásán sì ni awakọ̀ ń dé sórí. Lọ́jọ́ 26, oṣù keje, ọdún 1925, Antonio wà níwájú gbogbo àwọn tó kù nínú ìdíje ńlá ilẹ̀ Faransé, ní Montlhéry, tí kò jìnnà sí Paris, nígbà tí táyà ọkọ̀ rẹ̀ kọ lu ọgbà onígi tó wà létí ọ̀nà. Ọkọ̀ náà gbókìtì, ibẹ̀ ni Antonio sì bá lọ. Ẹni ọdún 36 ni. Bí ìròyìn ikú rẹ̀ ṣe dé etí àwọn ọ̀gá Alfa Romeo ni wọ́n dá àwọn ọkọ̀ wọn yòókù dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà ni wọ́n ṣì wà níwájú. Robert Benoist, ọmọ Faransé tó gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà, gbé òdòdó tí wọ́n fi dá a lọ́lá lọ sí ibi tí Antonio ti ṣubú.

Ọjọ́ 13 péré ṣáájú ọjọ́ náà ni Alberto pé ọmọ ọdún méje.

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni. Ikú tó wá pa bàbá ẹni ńkọ́? Ọmọ mìíràn ì bá má fẹ́ gbọ́ ìró ọkọ̀ létí mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ẹni bíni là ń jọ. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi alùpùpù sáré ìdíje, ilé iṣẹ́ Bianchi sì gbà á sínú ẹgbẹ́ tiwọn.

Lára àwọn tí kò gbàgbé Antonio ni Enzo Ferrari. Ọ̀rẹ́ ni òun àti Antonio, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ wa ọkọ̀ fún Alfa Romeo. Nígbà tó yá, Ferrari kúrò níbẹ̀, ó lọ dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn tó bá Alfa Romeo ṣe kò jẹ́ kó lè fi orúkọ ara rẹ̀ pe ọkọ̀ tó ń ṣe. Ọkọ̀ méjì ló kọ́kọ́ ṣe fún ìdíje Mille Miglia ti ọdún 1940. Ó fi ọ̀kan nínú méjèèjì lé Alberto lọ́wọ́, ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 21. Ọmọkùnrin náà ń ṣe dáadáa láàárín àwọn ọkọ̀ ẹgbẹ́ tirẹ̀ kí ẹ́ńjìnì tó dá a dúró lójú ọ̀nà.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Ítálì kó wọ ogun àgbáyé kejì, eré ọkọ̀ sì dúró. Lásìkò ogun, Alberto dara pọ̀ mọ́ Luigi Villoresi nínú òwò gbígbé epo mọ́tò fún àwọn ọmọ ogun Ítálì tó wà ní Àríwá Áfíríkà. Villoresi fi ọdún mẹ́sàn-án ju Alberto lọ, ṣùgbọ́n ó mú un bí àbúrò. Òun náà mọ bí ọ̀fọ̀ ṣe ń dunni, nítorí Emilio, àbúrò rẹ̀, kú sínú ọkọ̀ ìdíje ní Monza lọ́dún 1939. Lọ́dún 1942 ni Alberto gbé Mietta níyàwó. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Antonio ni wọ́n sọ ọkùnrin náà, orúkọ bàbá àgbà tí kò rí rí. Bó bá jẹ́ nílẹ̀ Yorùbá ni, Babátúndé ni à bá máa pè é.

Nígbà tí ogun parí, Alberto ti ń rò ó pé bóyá kí òun má padà sídìí eré ọkọ̀ mọ́, nítorí ó ti di onílé, ó ti di ọlọ́mọ. Villoresi ló rọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ Maserati, Alberto sì gba ipò kìíní ní San Remo lọ́dún 1948. Lọ́dún 1949, àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ Enzo Ferrari, tó ti ń fi orúkọ ara rẹ̀ pe ọkọ̀ tó ń ṣe. Lọ́dún náà, Alberto borí ní Swítsàláǹdì, ó tún borí ní Monza, níbi tí bàbá rẹ̀ ti borí ní ọdún 25 ṣáájú.

Ọdún 1950 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé fún àwọn awakọ̀. Giuseppe Farina, ọmọ Ítálì, ló kọ́kọ́ gbà á. Lọ́dún 1951, Alberto borí ní Jámánì àti ní Ítálì, ọ̀rọ̀ sì wá ku òun àti Juan Manuel Fangio, ọmọ ilẹ̀ Ajẹntínà. Ìdíje tó gbẹ̀yìn, ní Sípéènì, ni yóò sọ ẹni tí yóò gba ife. Táyà tí àwọn ará Ferrari yàn lọ́jọ́ náà kò bá wọn ṣe é, ńṣe ló ń bó lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Fangio ló gba ife.

Ṣùgbọ́n ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, ti Alberto ni. Ọkọ̀ Ferrari 500, tí Aurelio Lampredi ṣe, kò lágbára àpọ̀jù, ẹ́ńjìnì onílíta méjì ló ní, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, kì í sì í dédé bàjẹ́. Alberto kò sí níbi ìdíje àkọ́kọ́ lọ́dún 1952, torí pé ó ń múra ìdíje Indianapolis ní Amẹ́ríkà, níbi tí táyà rẹ̀ kan ti wó mọ́ ọn lábẹ́. Bó ṣe padà dé Yúróòpù, ó borí ní Bẹ́ljíọ̀m, ó borí ní Faransé, ó borí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì, ní Họ́lándì àti ní Ítálì. Ìdíje mẹ́fà, mẹ́fà ló jẹ. Bí ọdún 1953 ṣe tún bẹ̀rẹ̀, ó borí ní Ajẹntínà, Họ́lándì àti Bẹ́ljíọ̀m. Bí a bá yọ ti Indianapolis kúrò, mẹ́sàn-án ló gbà tẹ̀léra. Ó di ọdún 2013 kí Sebastian Vettel tó gba mẹ́sàn-án bíi tirẹ̀, ó sì di ọdún 2023 kí Max Verstappen tó gba mẹ́wàá. Alberto tún borí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Swítsàláǹdì lọ́dún 1953 náà, ó sì di ẹni àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì.

Síbẹ̀, ọkùnrin yìí kò sinmi lọ́kàn. Ó sanra díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, Ciccio ni àwọn èèyàn ń pè é, ìyẹn ni ọ̀rọbọ̀, ṣùgbọ́n èèwọ̀ rẹ̀ pọ̀. Bó bá rí ológbò dúdú lọ́nà, ẹ̀rù a bà á. Akoto rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò sì jẹ́ wọnú ọkọ̀ ìdíje láìdé e. Enzo Ferrari sọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ pé òun bi í léèrè rí ìdí tó fi ń le mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Èsì tó fún un ni pé òun kò fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn òun jù, nítorí pé bí òun kò bá padà wálé lọ́jọ́ kan, ìbànújẹ́ wọn kò ní pọ̀ jù. Ẹni tó pàdánù bàbá rẹ̀ lọ́mọ ọdún méje ló ń sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ọdún 1953, ilé iṣẹ́ Lancia fi owó tó jọjú lọ Alberto, ó sì fi Ferrari sílẹ̀. Vittorio Jano ló ń ṣe ọkọ̀ tuntun náà, D50, fún wọn. Jano yìí kan náà ló ṣe ọkọ̀ Alfa Romeo tí Antonio kú sínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò tètè jáde, ọdún 1954 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ lásán. Ayọ̀ kan ṣoṣo tó ní lọ́dún náà ni pé ó gba ipò kìíní nínú Mille Miglia, ìdíje nǹkan bíi 1,600 kìlómítà láti Brescia lọ sí Róòmù àti àbọ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ Lancia mìíràn.

Lọ́jọ́ 22, oṣù karùn-ún, ọdún 1955, ìdíje wáyé ní Monaco, níbi tí ọ̀nà ti gba etí òkun kọjá. Ọkọ̀ Stirling Moss, tó wà níwájú, ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́, ipò kìíní sì ti ń bọ̀ lọ́wọ́ Alberto, ni ọkọ̀ tirẹ̀ bá yà kúrò lọ́nà, ó já sínú omi èbúté. Àwọn èèyàn pariwo. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n rí akoto búlúù náà lójú omi. Alberto ti wẹ̀ jáde, imú rẹ̀ ló fara pa jù. Gbogbo èèyàn ló ń dúpẹ́ pé orí kó o yọ.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 26, ó lọ sí Monza láti wo Eugenio Castellotti, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tó ń dán ọkọ̀ Ferrari kan wò. Kò mú akoto rẹ̀ dání. Kóòtù àti táì ló wọ̀. Ṣùgbọ́n ṣàdédé ló ní òun fẹ́ wa ọkọ̀ náà díẹ̀ kí ẹ̀rù má bàa mú òun dúró. Ó yá akoto funfun Castellotti, èyí tó lòdì sí gbogbo èèwọ̀ rẹ̀, ó sì wọlé. Nígbà tó yípo lẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ̀ náà yọ̀ ní kọ́nà Vialone, ó gbókìtì, ó sì jù ú síta. Kò pẹ́ rárá tó fi kú. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á ní pàtó.

Ẹni ọdún 36 ni, bíi bàbá rẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù ni, bíi ti bàbá rẹ̀. Ó fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀, bíi bàbá rẹ̀. Bí a bá ka iye ọjọ́ tí oníkálukú lò láyé, ọjọ́ mẹ́rin péré ni ọmọ fi ju bàbá lọ.

Ẹ̀gbẹ́ Antonio ni wọ́n sin ín sí, ní itẹ́ òkú ńlá ìlú Milan. Oṣù méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Lancia kó ọkọ̀ D50 fún Ferrari, ọkọ̀ náà ni Fangio sì fi gba ife àgbáyé lọ́dún 1956. Orúkọ Ascari ni wọ́n ń pe kọ́nà tó ti kú ní Monza lónìí. Láti ọdún 1953 títí di òpin ọdún 2025, kò sí ọmọ Ítálì mìíràn tó gba ife náà.