Ìgbésí Ayé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther

Ìwọ ọmọ Ìbàràpá, ìbáà ṣe Igbó-Ọrà ni ilé rẹ tàbí Èrúwà, má ṣe rò pé ọ̀nà jíjìn ni ìtàn yìí ti wá. Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn tí kò jìnnà sí ọ, ni a ti bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1807.

Ní ọdún 1821, ogun kó Òṣogùn. A mú Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ọwọ́ kan ń tà á fún òmíràn títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí ní Èkó. Ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ débi pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn ẹrú náà sílẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí Sàró.

Ibẹ̀ ni Àjàyí ti kọ́ ìwé tí ó sì gbọ́ ìwàásù. Kíyè sí i pé kì í ṣe ọjọ́ tí ó gba òmìnira ni ó di onígbàgbọ́. Ó ju ọdún mẹ́ta lọ kí ó tó ṣe ìrìbọmi, ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825. Nígbà tí ó ń ròyìn ayé rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní oko ẹrú ẹ̀ṣẹ̀ burú ju èyí tí a ti yọ òun nínú rẹ̀ lọ.

Ó di àlùfáà ní ọdún 1843. Ní ọdún 1846, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Rò ó wò: àlùfáà ni ọmọ, síbẹ̀ kò lè bá ìyá rẹ̀ gbàgbọ́. Ṣe ni ó ń kọ́ ọ títí ìyá fúnra rẹ̀ fi gbà, tí ó sì ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1848.

Bí olúkúlùkù yóò bá gbàgbọ́ fúnra rẹ̀, ó yẹ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ. Nítorí náà ni Crowther ṣe fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ ìtúmọ̀, títí odindi Bíbélì fi parí ní èdè Yorùbá ní ọdún 1884.

Ní ọdún 1864, ó di Bíṣọ́ọ̀bù, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ba àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ jẹ́. Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n kò tìtorí rẹ̀ kọ ìgbàgbọ́ sílẹ̀. Ojú tí ó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Èkó ni ó kú sí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ ọ? Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ òyìnbó ni ìgbàgbọ́ Àjàyí so mọ́, ìbá já ní ọjọ́ tí òyìnbó kọ̀ ọ́. Olùkọ́ lè fi ọ̀nà hàn ọ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ ni ìwọ yóò fi rìn ín.