Alfred Butts: Ayàwòrán-ilé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi kíka lẹ́tà dá Scrabble sílẹ̀

Nínú ayò ọlọ́pọ́n tí àwọn bàbá wa ń ta ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, kò sí ọmọ ayò kan tó níyì ju èkejì lọ. 48 ni gbogbo wọn, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò 12. Ọgbọ́n orí ẹni ló kù. Ṣùgbọ́n ẹ lọ síbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ta Scrabble, ẹ ó rí i pé tibẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá fa Z yọ nínú àpò ti di máàkì 10 mú. Ẹni tó bá fa E yọ, máàkì 1 péré ló rí. E 12 ló wà nínú àpò náà, Z ò ju ẹyọ kan lọ.

Ṣé ẹ ti bi ara yín rí pé ta ló pín in báyẹn? Ọkùnrin kan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó jókòó sílé, ó gbé ìwé ìròyìn síwájú, ó ń ka lẹ́tà inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alfred Mosher Butts lorúkọ rẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ la mú wá fún yín lónìí.

Ọmọ lọ́yà láti Poughkeepsie

Ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1899 ni wọ́n bí Alfred Butts ní ìlú Poughkeepsie, ní ìpínlẹ̀ New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀, tíṣà sì ni ìyá rẹ̀. Ọkùnrin márùn-ún ni wọ́n bí, òun ni àbígbẹ̀yìn. Ó lọ sí Yunifásítì Pennsylvania, ó kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé níbẹ̀, ó sì parí ní ọdún 1924.

Ó fẹ́ Nina Ostrander níyàwó. Ẹ gbọ́ ná o, tíṣà tó kọ́ ọ nílé ìwé nígbà kan rí ni Nina. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Butts ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé kan ní ìlú New York. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ gan-an nídìí àwòrán. Yàtọ̀ sí àwòrán ilé tí wọ́n ń sanwó fún, ó máa ń ya àwòrán ìlú New York fúnra rẹ̀, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí wọ́n ń pè ní Metropolitan Museum of Art sì gba mẹ́fà nínú wọn.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀

Ní ọdún 1929, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé. Báǹkì ń kógbá wọlé, ilé-iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró. Nígbà tí owó oúnjẹ ò sí, ta ló fẹ́ kọ́lé? Àwọn ayàwòrán-ilé wà lára àwọn tí ìyà náà tètè kàn. Nígbà tó di ọdún 1931, ó kan Butts náà. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ìyàwó wà nílé, iṣẹ́ ò sí.

Ẹni tírú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí mọ bó ṣe máa ń rí. Ilẹ̀ á mọ́, èèyàn á wẹ̀, á múra, kò síbi tó ń lọ. Butts gbé ọwọ́ lé yíya àwòrán, ó tún dán ìwé kíkọ wò, kò sí èyí tó mú owó gidi wọlé. Lọ́rọ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí ronú nípa eré tí àwọn èèyàn lè máa ṣe lórí tábìlì nínú ilé.

Kò fi wàdùwàdù ṣe é. Ó kọ́kọ́ yẹ àwọn eré tó wà nílẹ̀ wò, ó pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan dá lórí nọ́ńbà, bíi dáìsì àti bíńgò. Àwọn kan dá lórí sísún nǹkan lójú pátákó, bíi dráàfù àti chess. Àwọn yòókù dá lórí ọ̀rọ̀. Ó rí i pé oríire nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú dáìsì, pé ọgbọ́n nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú chess. Eré tó wá sí i lọ́kàn ni èyí tí méjèèjì á ti pàdé: kí èèyàn má mọ lẹ́tà tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kó jẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ ló máa fi tò ó.

Ìwé ìròyìn àti bírò

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà nìyí. Lẹ́tà mélòó ló yẹ kó wà nínú àpò? Bí gbogbo lẹ́tà bá pọ̀ bákan náà, Q á pọ̀ bíi E, kò sì sẹ́ni tó máa rí ọ̀rọ̀ kọ.

Butts mú ìwé ìròyìn New York Times àti àwọn mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka lẹ́tà ojú ewé wọn. A mélòó, B mélòó, títí dé Z. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa bá a kà á. Ó ń fa ìlà, ó ń ṣírò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó rí ló fi pín lẹ́tà 100 rẹ̀. Títí di òní, ìpín yẹn náà ni wọ́n ń lò fún èdè Gẹ̀ẹ́sì: E jẹ́ 12, A àti I jẹ́ 9-9, O jẹ́ 8, nígbà tí J, K, Q, X àti Z jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Bí ọjà ṣe rí ló ṣe máàkì wọn. Ohun tó pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Ohun tó bá wọ́n, owó rẹ̀ á gbéra. Ìdí nìyẹn tí Q àti Z fi jẹ́ máàkì 10, J àti X jẹ́ 8, tí A àti E sì jẹ́ 1.

Ibì kan wà tó ti mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti tẹ̀ lé ìwé ìròyìn. Lẹ́tà S pọ̀ gan-an nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n S lèèyàn máa ń fi kún ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ láti sọ ọ́ di púpọ̀. Bí S bá pọ̀ lápò, ọ̀lẹ á kàn máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ni ni. Butts dín in kù sí 4. Ẹni tó bá ń ta Scrabble dáadáa mọ̀ pé bí S bá wọlé sí òun lọ́wọ́, wọn kì í tètè ná an.

Ilẹ̀kùn ń tì

Lexiko ló kọ́kọ́ pe eré náà. Kò tíì ní bọ́ọ̀dù nígbà yẹn, àwọn ègé lẹ́tà nìkan ni. Ó gbé e lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe eré jáde, Parker Brothers àti Milton Bradley. Wọn ò gbà á. Ó bèèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba pé òun lòun dá a sílẹ̀. Wọn ò fún un. Ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ gé igi pélébé, ó ń lẹ lẹ́tà mọ́ ọn, ó ń tà á fún ojúlùmọ̀ àti ọ̀rẹ́. Èyí tó tà kò pọ̀, owó tó ná lórí rẹ̀ sì ju èyí tó rí lọ.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ tó dá a dúró gbà á padà. Ẹlòmíì ìbá gbé eré náà jù sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Butts ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1938, ó fi bọ́ọ̀dù kún un, ihò 15 lọ́nà 15, kí ọ̀rọ̀ lè máa dábùú ara wọn. Ó pè é ní Criss-Cross Words. Ẹ̀rọ tí àwọn ayàwòrán-ilé fi ń tẹ àwòrán ló fi tẹ bọ́ọ̀dù náà. Ó tún gbé e lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́, wọ́n tún dá a padà.

Ní Jackson Heights, ní Queens, níbi tí òun àti Nina ń gbé, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì àdúgbò wọn wà lára ibi tí wọ́n ti ń ta á pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́. Níbẹ̀ ni àṣírí ti tú: Butts fúnra rẹ̀ kò mọ sípẹ́lì tó ìyàwó rẹ̀! Nina tó jẹ́ tíṣà ń nà án. Nígbà kan, Nina fi ègé méje ọwọ́ rẹ̀ kún lẹ́tà kan tó ti wà lórí bọ́ọ̀dù, ó kọ QUIXOTIC, ọ̀rọ̀ náà sì gun ihò méjì tó ń sọ máàkì di ìlọ́po mẹ́ta. Máàkì 284 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Ẹni tó dá eré sílẹ̀ jókòó síbẹ̀, ó ń wò.

Ọkùnrin tó ń jẹ́ Brunot

James Brunot jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tó ní eré yìí nílé. Ní ọdún 1948, ó bá Butts ṣàdéhùn pé òun á máa ṣe é jáde, òun á sì máa fún Butts ní owó díẹ̀ lórí gbogbo èyí tí òun bá tà. Brunot tún ihò bọ́ọ̀dù náà tò, ó fi máàkì 50 ta ẹni tó bá lo lẹ́tà méjèèje ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́rẹ, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Scrabble. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kéèyàn máa fọwọ́ họ nǹkan wàràwàrà, bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù.

Nínú ilé ìwé àtijọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Connecticut ni òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń fọwọ́ tẹ lẹ́tà mọ́ igi. Ní 1949, wọ́n ṣe 2,400, wọ́n sì pàdánù 450 dọ́là. Ìgbà tó di 1952 ni ọ̀gá ilé ìtajà ńlá Macy's pàdé eré náà nígbà ìsinmi rẹ̀. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó bèèrè rẹ̀, kò sí nínú ọjà wọn, ló bá ní kí wọ́n lọ kó o wá. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára Brunot. Ilé-iṣẹ́ Selchow & Righter, tí òun náà ti kọ eré yìí rí, ló wá bá wọn ṣe é. Nínú ọdún 1954 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ni wọ́n tà.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: láti 1931 tí iṣẹ́ bọ́, sí 1952 tí ọjà yá, ọdún 21 ni.

Owó wọlé, ṣùgbọ́n sẹ́ǹtì díẹ̀ péré ni wọ́n ń fún Butts lórí ẹyọ kan. Àwọn kan rò pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Òun ò fi ṣe ẹjọ́. Ó máa ń sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta bá owó orí lọ, òun fi ìdá kan tọrẹ, ìdá tó kù sì jẹ́ kí òun gbé ayé ìrọ̀rùn. Ó ra ilé oko kan tó ti jẹ́ ti ìdílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ padà ní Stanfordville. Ó ń bá iṣẹ́ ayàwòrán-ilé rẹ̀ lọ.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ tiwa

Nínú ìdíje lónìí, èèyàn méjì ló ń kojú ara wọn, ìṣẹ́jú 25 sì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀, wọ́n á yọ máàkì 10 fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gba ihò àárín. Bí o bá kọ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ wọn, tí ẹnì kejì sì pè ọ́ níjà, o kó o kúrò nìyẹn, o pàdánù ààyè rẹ. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ há ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà méjì-méjì sórí. QI nìkan, tí kò ní U, máàkì 11 ni.

Nínú oṣù Kọkànlá ọdún 2015, ní Perth lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, Wellington Jighere ọmọ Nàìjíríà na Lewis Mackay ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 4 sí òdo, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń ròyìn nínú ìdíje ìkẹyìn náà ni FELTY, lẹ́tà 5 péré, máàkì 36. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀jáfáfá tiwa gbà pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ló yẹ kéèyàn sáré lé ọ̀rọ̀ gígùn. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tó bọ́ síbi tó dáa, tó tún fi lẹ́tà rere sílẹ̀ fún ọ, tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń ta á. Lọ́dọ̀ tiwọn, W jẹ́ máàkì 10, torí pé ó wọ́n nínú Faransé. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, 4 ni. Èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣírò tirẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ Yorùbá ńkọ́? Lẹ́tà 25 la ní. C, Q, V, X àti Z ò sí níbẹ̀. Fáwẹ̀lì wa pọ̀: ỌBA, méjì nínú mẹ́ta, ILÉ, méjì nínú mẹ́ta, OLÚWA, mẹ́ta nínú márùn-ún. Afàìmọ̀ kí fáwẹ̀lì má gba ìdajì àpò. GB ńkọ́, ṣé ègé kan ni àbí méjì? Bí èèyàn bá to O-G-U-N, ṣé ogun ló kọ ni, àbí ogún, àbí Ògún? Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn gbọ́dọ̀ ṣe bíi Butts: kó gbé ìwé Yorùbá síwájú, kó sì máa kà.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Nina kú ní ọdún 1979. Butts ò yé ronú eré. Ní 1985, tó ti lé ní ẹni ọdún 85, wọ́n tún gbé eré tuntun tirẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní Alfred's Other Game. Kò lókìkí bíi ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1993 ló jáde láyé ní Rhinebeck, New York. Ó ku ọjọ́ 9 kó pé ẹni ọdún 94.

Ní Jackson Heights lónìí, àmì orúkọ òpópónà kan wà nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń ta á. Wọ́n kọ máàkì Scrabble sábẹ́ lẹ́tà orúkọ òpópónà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ ìtàn á rò pé àṣìṣe ni. Ẹ̀yin ti mọ̀ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín náà, ẹ̀yin olólùfẹ́ wa: nínú Scrabble Yorùbá, máàkì mélòó ni ẹ máa fún GB? A ó máa retí ìdáhùn yín lórí afẹ́fẹ́. Ire o.