Ibn al-Haytham Ará Basra, Ẹni tí ó Wádìí Ìmọ́lẹ̀

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òní. Nígbà tí o bá jí ní àsùbáà, tí o tan fìtílà, tí o sì rí ojú ọmọ rẹ tí ó sùn sórí ẹní, ǹjẹ́ ohun kan ni ó ti inú ojú rẹ jáde lọ bá ọmọ náà ni, àbí ohun kan ni ó ti ara ọmọ náà wá bá ojú rẹ? Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí dá iyàn sílẹ̀ láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Euclid àti Ptolemy, tí wọ́n jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ ìṣirò, gbà pé ojú ni ó ń ta ìtànṣán jáde, bí ìgbà tí afọ́jú bá na ọ̀pá rẹ̀ síwájú kí ó lè mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwòrán nǹkan ni ó ń wọlé wá. Ẹni tí ó fi ẹ̀rí tú ìdí ọ̀rọ̀ náà ni Mùsùlùmí kan, ọmọ Basra ní ilẹ̀ Ìráàkì, Abu Ali al-Hasan ibn al-Haytham.

Ní nǹkan bí ọdún 354 lẹ́yìn Híjírà ni wọ́n bí i, èyí tí ó bọ́ sí nǹkan bí ọdún 965. Ìlú èbúté ni Basra, ìlú ìṣòwò ni, ìlú àwọn onígírámà èdè Lárúbáwá sì ni pẹ̀lú. Wọ́n ní ó rí iṣẹ́ ìjọba ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò wọ̀ ọ́ lára, nítorí inú ìwé ni ọkàn rẹ̀ wà.

Òpìtàn kan tí ń jẹ́ Ibn al-Qifti, tí ó kú ní ọdún 1248, ni ó ròyìn bí ọ̀rọ̀ odò Náílì ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò oúnjẹ yóò tètè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí àwọn Alfa ń pè ní Misra. Odò Náílì ni ó ń bọ́ wọn. Láyé ìgbà náà, lọ́dọọdún, bí òjò bá ti rọ̀ lórí àwọn òkè ilẹ̀ Etiópíà, odò náà a kún, a bo oko, a sì fi ẹrẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ fún àgbẹ̀. Bí ó bá kún ju bí ó ti yẹ lọ, a gbé ilé àti ẹran lọ. Bí kò bá sì kún tó, ìyàn dé, ọkà a wọ́n lọ́jà, àwọn aláìní a sì máa kú. Ibn al-Haytham wà ní Ìráàkì, ó sì sọ pé bí òun bá wà ní Misra, òun yóò ṣe iṣẹ́ kan sí odò náà tí yóò fi máa ṣe ènìyàn ní àǹfààní, ìbáà kún, ìbáà fà. Ó ti gbọ́ pé láti ibi gíga kan ni omi náà ti ń sọ̀ wọ ilẹ̀ Misra. Ohun tí ó gbọ́ ni ó ń sọ, kì í ṣe ohun tí ó rí.

Ọ̀rọ̀ náà rìn dé Káírò, ó dé etí al-Hakim, Kálífà àwọn Fátímíyà, tí ó jọba láti 996 títí di 1021. Ó ṣòro fún ènìyàn láti mọ irú ẹni tí ọba yìí jẹ́. Òun ni ó dá Ilé Ìmọ̀ sílẹ̀ ní Káírò ní 1005, tí ó kó ìwé jọ sínú rẹ̀, tí ó sì ń fún àwọn tí ó bá wá kàwé ní bébà àti tàdáwà lọ́fẹ̀ẹ́. Òun kan náà ni ó pa àwọn ìjòyè rẹ̀ ní ìpakúpa. Ó fi òfin de jíjẹ mulukhiyya, ewé tí àwa ń pè ní ewédú. Ó tún pàṣẹ kí àwọn aránbàtà má ṣe rán bàtà obìnrin mọ́, kí àwọn obìnrin lè jókòó sílé. Ẹ ro ti aránbàtà tí ó ti ra awọ sílẹ̀!

Al-Hakim fi owó ránṣẹ́ sí Ibn al-Haytham, ó ní kí ó máa bọ̀. Nígbà tí ó dé, Kálífà fúnra rẹ̀ ni ó jáde lọ pàdé rẹ̀ ní abúlé kan tí ń jẹ́ al-Khandaq, lẹ́yìn odi Káírò. Ó gbà á ní àlejò dáadáa, lẹ́yìn náà ó rán an létí ìlérí odò. Ibn al-Haytham kó àwọn oníṣẹ́ ilé kíkọ́ lẹ́yìn, wọ́n sì dorí kọ gúúsù. Bí wọ́n ti ń lọ létí odò ni ó ń rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Misra àtijọ́, àwọn ilé òkúta ńláńlá tí ìwọ̀n wọn pé, tí àwòrán ara wọn kò sì ní àbùkù. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ó rò ó pé àwọn tí ó mọ ìṣirò tó báyìí, bí ohun tí òun fẹ́ ṣe yìí bá ṣeé ṣe, wọn ìbá ti ṣe é. Síbẹ̀ ó lọ títí dé al-Janadil, nítòsí Aswan, níbi tí omi gbé ń ru láàrin àpáta. Ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, ó sì rí i pé ibẹ̀ kò rí bí òun ti rò. Ó padà sí Káírò, ó sì jẹ́wọ́ níwájú Kálífà pé òun kò lè ṣe é. Kọngílá mélòó ni ẹ mọ̀, tí ó ti gba owó tán, tí ó padà wá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí?

Kálífà kò bínú ní gbangba. Ó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì fi í sí ipò kan nínú iṣẹ́ ìjọba. Ìbẹ̀rù ni Ibn al-Haytham fi gbà á, kì í ṣe ìfẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ó wà níwájú òun lè ta ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀ nítorí ohun tí kò tó nǹkan. Ó wá ọ̀nà àbáyọ, kò rí òmíràn ju pé kí ó ṣe bí wèrè lọ. Ìròyìn wèrè rẹ̀ tàn kálẹ̀. Wọ́n fi ohun ìní rẹ̀ sí ìkáwọ́ alágbàtọ́, wọ́n yan ẹni tí yóò máa ṣe ìtọ́jú rẹ̀, wọ́n sì sé e mọ́ ilé. Báyìí ni ó wà títí di òru ọjọ́ kan ní oṣù Fébúárì ọdún 1021, nígbà tí al-Hakim gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí òkè Muqattam, tí wọn kò sì rí i mọ́. Ìgbà tí ó dá Ibn al-Haytham lójú pé ọba ti kú ni orí rẹ̀ tó pé lójú gbogbo ayé. Ó kó jáde, ó sì ń gbé lẹ́nu ọ̀nà Mọ́sáláṣí al-Azhar.

Àwọn Alfa kan a máa bu ẹnu àtẹ́ lu èyí, pé irọ́ ni. Èmi kò lè bá wọn dá a lẹ́bi. Ó ti kọ́kọ́ sọ òtítọ́ tí ó le jù fún ọba. Èyí tí ó ṣe lẹ́yìn náà, ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó fi gbà là.

Ìwé tí ó gbé orúkọ rẹ̀ ga jù lọ ni Kitab al-Manazir, ìwé lórí ìríran, tí ó pín sí apá 7. Ẹni tí ó bá ṣí i yóò rí i pé ọkùnrin yìí kò tún gbára lé ohun tí a fi etí gbọ́ nìkan. Kàkà kí ó sọ pé lágbájá ni ó wí báyìí, a sọ fún òǹkàwé pé kí ó wá yàrá tí ó ṣókùnkùn, kí ó lu ihò sí ibi báyìí, kí ó gbé fìtílà sí ibi báyìí, kí ó sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Nínú ọ̀kan, ó to fìtílà bíi mélòó kan síta, ní ọ̀kánkán ihò kan ṣoṣo tí ó wọ inú yàrá òkùnkùn. Lára ògiri inú, ìmọ́lẹ̀ fìtílà kọ̀ọ̀kan hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ó bá bo fìtílà kan, ìmọ́lẹ̀ ti ọ̀kan yẹn nìkan ni ó ń kú lára ògiri. Bí ó bá ṣí i, ìmọ́lẹ̀ náà a padà sí àyè rẹ̀ gan-an. Inú ihò kan náà ni gbogbo wọn gbà kọjá, síbẹ̀ ọ̀kan kò da ìkejì rú. Bí ó ṣe fi hàn nìyí pé ọ̀nà tààrà ni ìmọ́lẹ̀ ń tọ̀, àti pé ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ lè gba ojú kan kọjá láì pò mọ́ra. Orúkọ tí ó pe irú ìdánwò yìí ni i'tibar. Ẹ̀yin tí ẹ kéwú yóò rí i pé ọmọ ìyá ni ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú Súrátù al-Hashr, níbi tí Ọlọ́run gbé ń bá àwọn tí ó ní ojú ìríran sọ̀rọ̀.

Ní ti ojú fúnra rẹ̀, ó wòye pé bí ènìyàn bá wo oòrùn, ojú a máa dùn ún. Bí ó bá sì tẹjú mọ́ ohun tí ó mọ́lẹ̀ gan-an, kí ó tó yíjú sí ibi òkùnkùn, àmì ìmọ́lẹ̀ náà yóò ṣì wà lójú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní èyí fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wọlé wá ṣe nǹkan sí ojú. Àti pé báwo ni ẹyinjú kékeré yóò ṣe máa tú ohun kan jáde tí yóò kún òfuurufú títí dé ara ìràwọ̀, nígbàkúùgbà tí a bá ṣíjú? Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta aṣọ mọ apá kan nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ láì ka ìwé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ àwọ̀ aṣọ dájú a gbé e jáde kúrò nínú ìsọ̀ lọ sí ojú oòrùn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọ̀ tí ó dán ní gbangba a máa ṣú bí dúdú níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti mọ ìlà àti igun kí ó tó dé, ṣùgbọ́n wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà nípa ohun tí ìmọ́lẹ̀ jẹ́. Àwọn tí ń ṣe àṣàrò lórí ìṣẹ̀dá ń jiyàn lórí ohun tí ìmọ́lẹ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò wọn nǹkan kan. Àwọn oníṣègùn, láti ọ̀dọ̀ Galen wá, ti tú ẹyinjú palẹ̀, wọ́n mọ awọ rẹ̀, omi inú rẹ̀, àti iṣan tí ó ti ibẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ibn al-Haytham ni ó kó iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan. Ó ṣe àṣìṣe níbẹ̀ o. Ó rò pé ohun tí ó mọ́ gaara bíi gíláàsì láàrin ẹyinjú ni ó ń ríran. Ní 1604 ni Kepler, ará Jámánì, ṣàlàyé pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ẹyinjú ni àwòrán ń bọ́ sí. Gíláàsì yẹn kàn ń darí ìmọ́lẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí dókítà òde òní fi lè yọ ọ́ kúrò lójú àgbàlagbà nígbà tí ó bá ṣú, kí ó fi àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀, kí onítọ̀hún sì tún máa ríran. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Ibn al-Haytham ni Kepler bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ilé kéwú, bí ọmọ bá béèrè pé báwo ni a ṣe mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹgba ni ìdáhùn rẹ̀. Ibn al-Haytham kọ odidi ìwé kan, al-Shukuk ala Batlamyus, láti fi tọ́ka sí ibi tí Ptolemy ti tako ara rẹ̀. Nínú rẹ̀ ó kọ́ni pé ẹni tí ó ń wá òtítọ́ kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nítorí orúkọ wọn, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìhà gbogbo, kí ó sì fura sí èrò ti ara rẹ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe pé ó kẹ́gàn Ptolemy. Ó bu ọlá fún un nínú ìwé náà. Ó tún kọ̀wé lórí bí a ṣe lè fi ìṣirò mọ Kíbílà, àti lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan mìíràn. Àwọn òpìtàn ka orúkọ ìwé tí ó ju 90 lọ fún un.

Kò di olówó. Ìwé dídàkọ ni ó fi ń jẹun. Lọ́dọọdún ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ìwé Euclid àti Almagest ti Ptolemy kọ, pẹ̀lú àwọn ìwé tí ó wà láàrin méjèèjì, àwọn oníbàárà a sì san 150 dínárì Misra fún un. Iye náà kì í yí, kò sí ìdúnàádúrà, òun ni ó sì ń ná títí ọdún yóò fi yípo. Ó kú ní Káírò ní nǹkan bí ọdún 430 Híjírà, èyíinì ni nǹkan bí 1040.

Kamal al-Din al-Farisi, ará Páṣíà tí ó kú ní nǹkan bí 1319, tún Kitab al-Manazir yẹ̀ wò, ó sì lo ìgò róbótó tí omi kún inú rẹ̀ láti fi ṣàlàyé bí òṣùmàrè ṣe ń yọ. Àwọn ará Yúróòpù túmọ̀ ìwé náà sí èdè Látìn, Roger Bacon kẹ́kọ̀ọ́ nínú rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Basel ní 1572.

Ní ti odò náà, ní 1902 ni àwọn ẹnjiníà Gẹ̀ẹ́sì parí ìsédò kan sí Aswan, ní àdúgbò àpáta tí Ibn al-Haytham lọ wò. Kò tó. Ní 1960 ni ìjọba Gamal Abdel Nasser bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó tóbi jù, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó àti ẹnjiníà láti ọ̀dọ̀ ìjọba Sófíẹ̀tì, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1970. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 111, gígùn rẹ̀ ju kìlómítà 3 lọ. Láti ìgbà náà odò Náílì kò kún bo oko lọ́dọọdún ní Misra mọ́. Ẹrẹ̀ ọlọ́ràá náà ń dúró sẹ́yìn ògiri, àwọn àgbẹ̀ sì ń fi owó ra ajílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kó àwọn ará Nubia, tí ilé wọn wà ní ọ̀nà omi, lọ tẹ̀dó sí ibòmíràn.