Olóògbé Ẹkúndayọ̀ Phillips, Atẹdùùrù Èkó

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi láti Apápá lọ sí Marina yóò gúnlẹ̀ ní ibi tí kò jìnnà sí ilé ìsìn ńlá tí gbogbo ará Èkó mọ̀ sí Kàtídrà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Apápá àti Ajégúnlẹ̀ a máa gba iwájú rẹ̀ kọjá, tí ọkàn wọn wà lórí ọjà. A kò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tí ó fi ọdún 48 ṣe olórí orin níbẹ̀, tí ó sì ja ìjà kan nítorí èdè wa, ìjà tí kò ní ariwo. Ìtàn rẹ̀ li a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Li ọdún 1884 li a bí Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips. Baba rẹ̀ ni Charles Phillips, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó ṣiṣẹ́ pẹ́ títí ní ilẹ̀ Oǹdó, tí a sì fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù olùrànlọ́wọ́ li ọdún 1893. Ọmọ náà lọ sí Grammar School ti CMS li Èkó. Ìbátan rẹ̀ àgbà kan, Àlùfáà Johnson, li ó kọ́ ọ ní dùùrù, nígbà tí ó sì di ọmọ ọdún 18, ó ti di atẹdùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul, Breadfruit. Li ọdún 1911 ó wọ ọkọ̀ lọ sí London, sí Trinity College of Music, níbi tí ó ti kọ́ dùùrù, piano àti gòjé òyìnbó. Ọdún 1914 li ó padà dé, tí a fi iṣẹ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì Marina lé e lọ́wọ́. Ilé tí a ń wò níbẹ̀ lónìí kò tíì sí nígbà náà. Ọdún 1924 ni a bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ, kò sì parí títí di 1946.

Kí ni ìjà náà? Nígbà tí àwọn ajíhìnrere mú ìgbàgbọ́ wá, wọ́n mú orin wá pẹ̀lú. A túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin wọnnì sí Yorùbá, ṣùgbọ́n a fi ohùn orin sílẹ̀ bí ó ti wà. Òmíràn nínú ohùn wọnnì ti ilẹ̀ Jámánì wá, níbi tí Martin Luther ti tẹ orin jáde li ọdún 1524 kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè fi èdè ara wọn yin Ọlọ́run dípò èdè Látìn. Ohun tí ó tú àwọn ará Jámánì sílẹ̀ ni ó wá di ìdè fún wa. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ wọn sókè tàbí tí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ìtumọ̀ kò yí. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá pe ọ̀run, ohùn ń gòkè ni. Bí orin bá fà á wálẹ̀, ọrùn li a kọ. Bí orin bá sì gbé ọkọ̀ Nóà sókè, baba wa Nóà wọ inú ọkọ́ lọ pẹ̀lú gbogbo ẹranko rẹ̀! Ó ti mọ́ àwọn àgbàlagbà ìjọ lára, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ó ń wo ẹnu wọn.

Ẹnìkan lè wí pé, ṣe ni kí a kọ ohùn titun. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Orin òyìnbó a máa ní ẹsẹ 4 tàbí 5, ohùn kan ṣoṣo li a sì fi ń kọ gbogbo wọn. Ohùn tí ó bá ẹsẹ kìn-ín-ní mu ní Yorùbá yóò ba ẹsẹ kejì jẹ́, nítorí òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba. Phillips fi etí sí orin àwọn baba wa, ó rí i pé ohùn 5 péré li ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró lé, àti pé ọ̀rọ̀ li ó ń ṣíwájú, tí orin ń tẹ̀lé e. Nítorí náà ni ó ṣe kọ orin mímọ́ àti ìdáhùn àdúrà tí ohùn wọn ń bá ọ̀rọ̀ Yorùbá rìn. Kì í ṣe òun nìkan li ó ṣe irú iṣẹ́ yìí: Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ti kọ orin àbínibí sínú àwo giramafóònù ní London li ọdún 1922. Ṣùgbọ́n Phillips tún kọ ìdí ọ̀ràn náà sínú ìwé, Yoruba Music, tí a tẹ̀ ní Johannesburg li ọdún 1953.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó kórìíra orin òyìnbó. Ó mú orin ìbílẹ̀ kan, ó sọ ọ́ di passacaglia fún dùùrù, irú ọnà tí Bach ará Jámánì lò, nínú èyí tí orin kan ń yí po ní ìsàlẹ̀ tí àwọn mìíràn sì ń ṣẹ́yọ lórí rẹ̀. Bach pàápàá, ọdún 27 li ó lò ní Leipzig, láti 1723 títí ó fi kú ní 1750, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọdékùnrin akọrin. Àwọn kan lè wí pé ó yẹ kí Phillips lé orin òyìnbó jáde pátápátá. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Dùùrù kò ṣẹ̀ wá.

Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni Fela Sowande ti kọrin li ọmọdé, ẹni tí ó kọ African Suite li ọdún 1944. Ayọ̀ Bánkọ́lé náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Li ọdún 1962 ó dìde kúrò nídìí dùùrù. Yunifásítì ti Nsukka fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá li ọdún 1964, ó sì kú li ọdún 1969. Ọmọ rẹ̀, Charles Ọbayọ̀mí Phillips, li ó jókòó sí àyè rẹ̀ ní Kàtídrà, kò sì dìde níbẹ̀ títí di ọdún 1992.